Túúlu Oṣù Kẹjọ

Ó tún ti dé.
Kò kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ojú òsì ló gbà wọlé,
bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣe ń gba inú aṣọ,
ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀,
kò sì sí òwú kankan nídìí rẹ̀.

Yúnífọ́ọ̀mù mẹ́rìnlá ló wà lórí tábìlì.
Ọrùn ìkarùn-ún ni mo bá a dé.
Àwọn ìyá wọn á wá ní Mọ́ńdè.
Kí wọ́n wá.
Ẹni tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́,
kí ló fẹ́ fi òwú ṣe?

Kó tó dé ló ti ń ránṣẹ́:
iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú níwájú mi
bí oòrùn ọ̀sán lórí ọ̀sà létí èbúté Èpé,
lẹ́yìn náà, ìdajì ojú Sèkínà, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, parẹ́.
Ètè ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò rí ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìnkùlé, Ìyá Mùíbátù ń yan ẹja.
Kò ṣẹ̀ mí. Ẹja ló fi tọ́ ọmọ mẹ́fà.
Kí n tó lóyún, òórùn yẹn gan-an ni ilé fún mi;
bí mo bá ti Ìkòròdú bọ̀, imú mi ní í kọ́kọ́ sọ pé a ti dé.
Lónìí, ó wọ agbárí mi tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Sèkínà ti fèrèsé,
ó fi àjákù kakí dí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ gbà.
Omi ọlọ́ràá tó ti dì gbagidi wà lọ́rùn mi.
Ọ̀já tí mo rà láti fi pọn ọmọ,
orí ni mo kọ́kọ́ fi dì.

Ìyá ọkọ mi ní kí n sín gbẹ́rẹ́ síwájú orí.
Alágbo ní tòun wà nínú ìgò.
Wàídì ra oògùn aláwọ̀ méjì
lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri ní èbúté.
Mo wò ó, mo dá a padà sápò rẹ̀.
Ẹnu tí mo fi ń jẹun kì í ṣe tèmi nìkan mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀náfowókàn ló ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí náà ni:
Àyà mẹ́rìndínlógójì, ìbàdí ogójì.
Túsìdeè, mi ò jẹun àárọ̀, túúlu.
Apá, ìnṣì mẹ́sàn-án.
Fúráìdeè, oòrùn, túúlu, mo bì.

Ó ní, "Bí ojú bá ń ṣú, bí ọwọ́ àti ojú bá wú,
bí orí yẹn kò bá gbọ́ oògùn tí mo fún ẹ,
má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Má dúró de ọkọ. Máa bọ̀."

Sátidé, aago méjì òru, a lọ.
Gbogbo Òkè-Bálógun ń sùn, ajá pàápàá.
Ó di aṣọ ẹ̀rọ yẹn mọ́ mi lápá, ó ń fẹ́ ẹ,
ọkàn mi ń lù nínú etí mi,
ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà, kò mí,
Wàídì náà kò mí.
Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò ga. Túúlu lásán ni."
Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n dárúkọ túúlu
tí mo ní alihamudulilaahi.

Orí méjì ni mò ń gbé kiri.
Ọ̀kan ń fọ́.
Ọ̀kan, wọ́n ní ó ti yí sísàlẹ̀, ó ń wá ọ̀nà.
Nínú òkùnkùn kakí yìí ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́:
tìẹ kó má fọ́, jọ̀ọ́,
tèmi tó àwa méjèèjì.

Ó ta mí nípàá, lápá ọ̀tún.
Ó dáa. Apá ọ̀tún ló kù tí nǹkan kan kò tíì ṣe.

"Àǹtí, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọrùn yẹn?"
Rárá, Sèkínà. Jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi.
Sọ fáwọn ìyá wọn pé ó di Wẹ́sìdeè.